Kí Wọ́n Tó Ta Ìdàrọ́ Síǹkì, Kí Wọ́n Mọ Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Màpó tó wo Ìbàdàn nísàlẹ̀ yóò rí òrùlé lọ salalu, púpọ̀ nínú wọn ti pọ́n bí erùpẹ̀ ilẹ̀ pupa. Páànù ni gbogbo wọn. Nígbà tí káfíńtà kọ́kọ́ kan páànù náà mọ́ igi àjà, ṣe ló ń kọ mànà lójú oòrùn, nítorí pé wọ́n ti ri irin rẹ̀ bọ inú síǹkì yíyọ́. Síǹkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ni òjò ń jẹ díẹ̀díẹ̀ dípò irin. Ọjọ́ tí síǹkì bá tán lára páànù ni irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Síǹkì tí gbogbo ayé ń yọ́ lọ́dún kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 tọ́ọ̀nù, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló sì ń bá iṣẹ́ yìí lọ, kí irin má baà dógùn-ún lórí ilé, lára òpó iná, lára afárá àti lára mọ́tò.

Bí páànù bá ti gorí ilé tán, ta ni yóò tún béèrè ibi tí ìyókù òkúta náà wà?

Ìdàrọ́ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá ń pe ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ìléru lẹ́yìn tí irin ti jáde. Ó máa ń dúdú, ó máa ń wúwo, ihò wẹ́wẹ́ sì máa ń wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ń roko níbi tí àwọn baba ńlá ti yọ irin rí ṣì máa ń fi ọkọ́ kọ lù ú nínú ebè. Kò sí ewu ńlá kan nínú ìdàrọ́ irin. Ti síǹkì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdàrọ́ síǹkì lè jẹ́ ìṣúra, ó lè jẹ́ májèlé, ó sì sábà máa ń jẹ́ méjèèjì pọ̀ nínú òkìtì kan ṣoṣo. Èyí tí yóò jẹ́ fún àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àdéhùn tí ìjọba àti oníṣẹ́ bá jọ tọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó dá iná. Ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ nìyẹn, nítorí pé Nàìjíríà náà ti ń múra láti dá iná tirẹ̀.

Òkúta síǹkì kì í dá rìn. Irin máa ń wà nínú rẹ̀, òjé máa ń bá a rìn, fàdákà àti bàbà náà kì í jìnnà. Kádímíọ̀mù máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni àwọn kan tún wà tí wọ́n kéré jọjọ, tí tọ́ọ̀nù òkúta kan lè má ní ju gíráàmù mélòó kan tàbí ọgọ́rùn-ún mélòó kan gíráàmù wọn lọ: indium, germanium àti gallium. Indium ló wà nínú awọ tín-ín-rín tó bo ojú fóònù, èyí tó ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ pé ìka kan òun. Germanium wà nínú àwọn fọ́nrán dígí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun wọ Èkó, ó sì wà lójú ẹ̀rọ tí àwọn ológun fi ń ríran lóru. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń dìídì wa kòtò nítorí indium. Ara síǹkì ni wọ́n ti ń rí i. Bí ẹni tó yọ síǹkì kò bá yọ ọ́, inú pàǹtí ló ń lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1863, nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà tó wà ní Freiberg, ilẹ̀ Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ferdinand Reich ń yẹ òkúta síǹkì àdúgbò rẹ̀ wò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá irin kan báyìí wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú iná, àwọ̀ tó bá yọ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Reich kò lè dá àwọ̀ mọ̀ yàtọ̀. Ló bá ní kí Hieronymous Theodor Richter tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá òun wò ó. Richter rí ìlà kan tó dúdú bí aró, ìlà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí lára irin kankan rí. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe aró yẹn ni wọ́n fi sọ irin náà ní indium. Ní 1875, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Lecoq de Boisbaudran, rí gallium nínú òkúta síǹkì tó ti àwọn òkè Pyrenees wá. Ní 1886, ní Freiberg kan náà, Clemens Winkler rí germanium, òun sì rí i nínú òkúta fàdákà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ohun iyebíye ń bá síǹkì rìn. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú wọn, àwọn iléeṣẹ́ kàn ń da á nù ni.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọn yóò kọ́kọ́ yan òkúta síǹkì tí wọ́n ti lọ̀ kúnná nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 950 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Imí ọjọ́ inú rẹ̀ yóò di èéfín, wọn yóò sì sọ èéfín náà di ásíìdì, irú èyí tí àwọn arewáyà ń dà sínú bátìrì mọ́tò. Ásíìdì yìí kan náà ni wọ́n tún fi ń fọ ohun tí wọ́n yan, kí síǹkì lè yọ́ sínú omi. Púpọ̀ nínú síǹkì ń gbà. Ṣùgbọ́n apá kan ti lẹ̀ mọ́ irin nínú iná, ó ti di ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ásíìdì tí kò le kò sì lè tú wọn ká. Bí wọ́n bá wá fi ásíìdì tó le tó sì gbóná gbé e, síǹkì yóò jáde lóòótọ́, àmọ́ irin náà yóò bá a jáde, omi náà yóò sì dàrú. Bí wọn yóò ṣe lé irin kúrò nínú omi yìí ló dá àwọn iléeṣẹ́ lágara fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láàárín àwọn ọdún 1960, Norway, Spain àti Australia rí ojútùú rẹ̀, oníkálukú lọ́tọ̀, ní nǹkan bí àkókò kan náà. Wọ́n sọ irin náà di ẹrẹ̀ rúsúrúsú kan tó ń jẹ́ jarosite, tó rọrùn láti sẹ́. Síǹkì pọ̀ sí i lóòótọ́, ẹrẹ̀ náà sì pọ̀. Tọ́ọ̀nù síǹkì kan lè fi ìdajì tọ́ọ̀nù sí tọ́ọ̀nù kan ẹrẹ̀ sílẹ̀. Òjé, kádímíọ̀mù àti oró arsenic wà nínú ẹrẹ̀ yìí, a kò lè fi kọ́lé, a kò lè dà á sóko. Ní Hobart, ní erékùṣù Tasmania, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó o sí lọ dà sínú agbami òkun láti 1973. Ọdún 1997 ni wọ́n tó jáwọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ohun rere inú irú ẹrẹ̀ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà kan ti pẹ́ gan-an, iná ni. Wọn yóò po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà mọ́ èédú líle, wọn yóò rọ ọ́ sínú àgbá irin gígùn kan tí wọ́n dà gẹ̀rẹ́, tó ń yí lórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí inú rẹ̀ gbóná ju 1,100 lọ. Síǹkì kì í lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èédú, ṣe ló máa ń di oru fò sókè, òjé àti kádímíọ̀mù náà á sì tẹ̀ lé e. Bó bá pàdé afẹ́fẹ́ lókè, á di èéfín funfun bí ẹfun. Àwọn àpò aṣọ ńláńlá tí wọ́n gbé kọ́ sójú ọ̀nà èéfín ni yóò mú un, bí ìgbà tí èèyàn fi asẹ́ mú èlùbọ́. Irin àti yanrìn yóò ṣẹ́kù sínú àgbá.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti omi, èyí tí wọ́n ń gbà mú germanium sì wuyì púpọ̀. Bí wọ́n bá ti fi ásíìdì fọ èéfín yẹn, tí germanium wà nínú omi, tí kò tó nǹkan, tí ojú kò rí i, ohun tí wọ́n ń dà sí i ni tannin. Tannin yìí kì í ṣe ohun àjèjì. Òun ló ń mú kí èèpo igi korò lẹ́nu, òun ló sì wà nínú èso bàgàrùwá tí àwọn oníṣẹ́ awọ ní Kánò fi ń ṣe awọ ewúrẹ́ kó má baà jẹrà. Bó ṣe ń dì mọ́ awọ náà ló ṣe ń dì mọ́ germanium. Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ yóò ṣókùnkùn, ìdì wẹ́wẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ sílẹ̀. Wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò sun ún, ohun tó bá kù nínú ààrò ni wọ́n ń tà lọ́wọ̀n kílò fún àwọn tó ń ṣe dígí àti ẹ̀rọ.

Ní Onsan, ní Gúúsù Korea, iléeṣẹ́ Korea Zinc gbé iṣẹ́ iná yìí ga sí i. Láti 1995 ni wọ́n ti ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn sínú ìléru tí wọ́n ti ọ̀pá kan bọ̀ láti òkè, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú ọ̀pá náà wọ inú ohun yíyọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì ń hó yaya. Síǹkì, òjé, fàdákà àti indium yóò bá èéfín jáde. Ohun tó kù yóò dì bíi dígí dúdú, àwọn oníṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sì ń rà á. Àwọn ìlú míì tó ń yọ́ síǹkì ní adágún ẹrẹ̀ tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Onsan yọ́ tirẹ̀ tán, ó sì wà lára àwọn tó ń pèsè indium jù lọ láyé.

Kò rọrùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ pọ́ọ́kú. Èédú ń jóná, iná mànàmáná ń lọ, owó ìléru tóbi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í ṣe é bí òfin kò bá fi dandan lé e. Ní Korea, ilẹ̀ kò tó, ìjọba kò fẹ́ adágún ẹrẹ̀, iléeṣẹ́ náà sì rí i pé kò sí ọ̀nà míì. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin lé ìwakùsà lórí ní Abùjá lọ wò nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí òfin kò bá ti fi dandan lé e wà ní Kabwe, ní Zambia, nǹkan bíi kìlómítà 140 sí àríwá Lusaka. Broken Hill ni àwọn òyìnbó sọ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n rí òjé àti síǹkì níbẹ̀ ní 1902, nítorí pé ó jọ ìlú ìwakùsà kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Australia. Ní 1921, bí àwọn awakùsà ti ń gbẹ́ òkè kan níbẹ̀, agbárí èèyàn ayé àtijọ́ kan yọ sí wọn, agbárí tó lókìkí lágbàáyé títí dòní. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ọnà ní London, Zambia sì ti ń béèrè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síǹkì àti òjé náà lọ. Ní 1994 ni wọ́n ti ilé ìwakùsà náà pa. Ohun tí kò lọ ni òkìtì.

Òkìtì ẹrẹ̀ gbígbẹ àti ìdàrọ́ tó wà ní Kabwe lé ní mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù. Èyí tó dúdú nínú wọn ni àwọn ará ìlú ń pè ní Òkè Dúdú. Àwọn iléeṣẹ́ tó ra ẹ̀tọ́ sí òkìtì náà ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ fún àwọn olùdókòwò wọn pé síǹkì tó lé ní 350,000 tọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, òjé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò yẹn fi hàn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ láyé ìgbà náà, tí wọ́n ń yọ èyí tó bá rọrùn, tí wọ́n ń da ìyókù sẹ́yìn ilé àwọn èèyàn. Ó sì tún fi hàn pé ohun tí oníṣòwò ń pè ní ọrọ̀ nínú òkìtì náà ni ohun tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ.

Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Kasanda, Chowa, Makululu, Waya, orúkọ àdúgbò ni gbogbo wọn, ilé wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí atẹ́gùn bá fẹ́, eruku òkìtì náà á bà sórí aṣọ tí wọ́n sá, sójú fèrèsé, sínú àgbàlá tí ọmọdé ti ń rá. Ọmọdé á fọwọ́ pa ilẹ̀, á fọwọ́ sẹ́nu. Àjọ Human Rights Watch sọ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè tó 200,000, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń gbé nítòsí ibi ìwakùsà náà, ó lé ní 95 tí òjé ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Ọpọlọ ló ń bá jà. Ọmọ tó yẹ kó já fáfá nílé ìwé yóò máa gbàgbé nǹkan, ara rẹ̀ yóò máa lọ́ra, etí rẹ̀ lè máa gbọ́ díẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Òògùn wà tó ń fa òjé jáde lára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lo òògùn tó tún padà sínú àgbàlá kan náà yóò tún gbé eruku náà mì.

Ní December 2016, Ilé Ìfowópamọ́ Àgbáyé fọwọ́ sí owó tó lé ní mílíọ̀nù 65 dọ́là fún Zambia láti tọ́jú irú àwọn ibi wọ̀nyí. Ní October 2020, àwọn agbẹjọ́rò gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ ní Johannesburg ní orúkọ àwọn obìnrin àti ọmọ Kabwe, wọ́n pe Anglo American South Africa lẹ́jọ́ pé ó ní ọwọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń darí ilé ìwakùsà náà láti 1925 sí 1974. Iléeṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ kọ ẹjọ́ náà ní December 2023, lẹ́yìn náà ni wọ́n fún àwọn olùpẹ̀jọ́ láyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, àwọn kan ti gbé ṣọ́bìrì lọ sórí Òkè Dúdú fúnra wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán ṣa òkúta tí òjé àti síǹkì wà nínú rẹ̀ tà, wọ́n ń gbé eruku náà wọlé tọ ọmọ wọn lọ lálaalẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ pàápàá ń kó o. Ìròyìn tí Human Rights Watch gbé jáde ní March 2025 fi ẹ̀sùn kan ìjọba Zambia pé ìwé àṣẹ tó ń fún àwọn tó fẹ́ wa òkìtì náà ń tan májèlé náà káàkiri ìlú ni.

Níbí ni ìwé ìròyìn yìí ti fẹ́ kí ìyàtọ̀ yé gbogbo èèyàn. Kíkó òkìtì Kabwe tà kì í ṣe ìwòsàn Kabwe. Ẹni tó bá kó òkìtì, tó yọ ìdá díẹ̀ nínú síǹkì rẹ̀, tó sì tún da ìyókù sílẹ̀ níbòmíràn, tó kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣe ló sọ òkìtì kan di méjì. Ìwòsàn ni kí wọ́n gbé òjé náà kúrò pátápátá, kí èyí tó kù di ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè gbé, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ tó mọ́ bo ibẹ̀. Onsan ti fi hàn pé èyí ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ mímọ ohun tó wà nínú òkìtì náà tún kan Lubumbashi, ní Congo. Òkè ìdàrọ́ kan wà láàárín ìlú náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 tọ́ọ̀nù. Ìdàrọ́ bàbà ló ń jẹ́, àmọ́ síǹkì, cobalt àti germanium wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2000, wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ láti yọ cobalt rẹ̀, wọ́n sì ń kó apá kan lọ sí Finland. Ní 2002, ìgbìmọ̀ tó ń ṣèwádìí fún Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé Gécamines, iléeṣẹ́ ìjọba Congo tó ni òkè náà, kò rí nǹkan kan nínú èrè germanium tó bá ẹrù náà lọ. Àwọn tí Gécamines bá dòwò pọ̀ nínú iṣẹ́ náà jiyàn. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ̀kọ́ tí Congo kọ́ hàn kedere nínú ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Gécamines gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó kọ́ ilé ìfọ-ìdàrọ́ sí Lubumbashi, ó bá Umicore ti ilẹ̀ Belgium ṣàdéhùn ní 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á pẹ̀lú orúkọ germanium lórí ìwé. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ló gbà wọ́n.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná báyìí kò ṣòro láti rí. China ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú gallium àti germanium ayé. Ní August 2023 ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọn jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ní December 2024 ó ní òun kò tà fún Amẹ́ríkà mọ́, kó tó tún dẹwọ́ díẹ̀ ní November 2025. Owó germanium ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún méjì. Àwọn ìjọba ńláńlá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ilé ìyọ́-síǹkì wọn. Ní August 2025, àwọn ìjọba Australia gbé mílíọ̀nù 135 dọ́là ilẹ̀ wọn kalẹ̀ fún ìléru Port Pirie àti Hobart, irú àwọn irin kéékèèké yìí sì wà lára ìdí rẹ̀. Ẹ rántí pé Hobart yìí ni wọ́n ti ń da ẹrẹ̀ sókun. Ní Trail, ní Canada, iléeṣẹ́ tó ń pèsè germanium fún Amẹ́ríkà lónìí da ìdàrọ́ sínú odò Columbia títí di 1995, ẹjọ́ tí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò náà pè é sì gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Odò tún sọ tirẹ̀ ní Japan. Kádímíọ̀mù tó ṣàn jáde láti ibi ìwakùsà síǹkì Kamioka wọ odò Jinzu, ó gba ibẹ̀ wọ oko ìrẹsì. Egungun àwọn obìnrin tó jẹ ìrẹsì náà di ẹlẹgẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ikọ́ lásán fi ń ṣẹ́ wọn léegun ìhà. Igbe ìrora wọn ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ, itai-itai. Ní 1968 ni ìjọba tó gbà pé kádímíọ̀mù ló fà á. Ọdún 2012 ni wọ́n tó parí ṣíṣe ilẹ̀ oko náà padà.

Nàìjíríà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Òjé àti síǹkì wà nílẹ̀ Ebonyi, ní Enyigba àti Ishiagu, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ dé Benue, Nasarawa àti Plateau. Òkúta tútù ni wọ́n ń kó lọ sí etíkun, inú àpò, bí ìgbà tí èèyàn ń kó ẹ̀pà. Ẹni tó bá ta òkúta síǹkì báyìí ta gbogbo ohun tó ń bá a rìn pẹ̀lú. Bí ẹni tó rà á lókè òkun bá rí fàdákà, indium tàbí germanium nínú rẹ̀, ti ẹni náà ni. Ní 2024, Mínísítà fún Ohun Àlùmọ́ọ́nì Ilẹ̀, Dele Alake, kéde pé ẹni tí kò bá ní ètò láti ṣe iṣẹ́ lára òkúta náà níhìn-ín kò ní rí ìwé àṣẹ ìwakùsà tuntun gbà. Ìpinnu náà dára, ìwé ìròyìn yìí sì gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ́ síǹkì nílé ti ní kí ìdàrọ́ wà nílé. Kò tíì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ibi tí yóò wà.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Ní 2010, ní Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta góòlù tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà, nínú àgbàlá. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Ní Ògíjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, àwọn akọ̀ròyìn jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 èèyàn tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé inú bátìrì ògbólógbòó. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní November 2025 fi hàn pé nínú mẹ́wàá, méje ni òjé ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tó léwu. Òjé kan náà ni, ìléru ni, àwọn ọmọ wa sì ni.

Nítorí náà, ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè lọ́wọ́ Abùjá kò lọ́jú pọ̀. Kí wọ́n yẹ òkúta síǹkì wò ní yàrá àyẹ̀wò tí kì í ṣe ti olùrà kó tó kúrò ní Nàìjíríà, kí wọ́n kọ gbogbo irin tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, títí dórí èyí tó jẹ́ gíráàmù, kí owó orí sì tẹ̀ lé ìwé náà. Kí ìwé àṣẹ ìléru síǹkì èyíkéyìí sọ ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò lọ láti ọjọ́ kìíní, kí ó sì kọ adágún ẹrẹ̀ tí kò ní òpin. Kí owó tí wọn yóò fi tún ilẹ̀ ṣe wà nílé ìfowópamọ́ kí iná tó tàn, nítorí pé nígbà tí ilé ìwakùsà Kabwe ti ilẹ̀kùn, òkìtì náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé àdúgbò wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa gbé èsì rẹ̀ jáde ní èdè tí ìyá wọn gbọ́. Wọn yóò ní owó rẹ̀ pọ̀ jù, pé àwọn olùdókòwò yóò sá. Olùdókòwò tó bá sá nítorí èyí ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ní Kabwe, owó Ilé Ìfowópamọ́ Àgbáyé ti débi tí wọ́n fi kó ilẹ̀ àgbàlá àwọn ilé kan kúrò, wọ́n sì da ilẹ̀ tó mọ́ sí i kí ọmọdé lè ráyè ṣeré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dé orí òkìtì tí eruku náà ti ń wá. Òun ṣì wà níta gbangba láìní ìbòrí, atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn sì ń gbé eruku rẹ̀ padà wá sórí ilẹ̀ tuntun tí wọ́n dà sí àgbàlá náà.